Irin Kékeré Tí Fọlábí Lọ Béèrè Lọ́wọ́ Ọ̀gá Rẹ̀

Bí mọ́tò ènìyàn bá kọṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ láyé ìgbà náà, kò ní í ṣàì rí mẹkáníìkì tí yóò gbọ́ ìró rẹ̀ lókèèrè tí yóò sì ní òun ti mọ ohun tó ń ṣe é. Fọlábí kò sí nínú irú wọn. Òun yóò kọ́kọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, yóò káwọ́ sẹ́yìn, yóò máa wo ẹ́ńjìnnì bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tó ń sunkún tí kò tíì lè sọ ibi tó ń dun òun. Oníbàárà tí ara rẹ̀ kò gba ìdúró yóò pòṣé títí, Fọlábí kò ní í dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ní, "Mo ti rí i," kí onítọ̀hún fọkàn balẹ̀, ó ti rí i nìyẹn.

Ọ̀yọ́ ló ti kọ́ iṣẹ́ náà, lọ́dọ̀ Ògúnwálé tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Owódé. Bàbá Fọlábí kú nígbà tó wà ní kékeré, ìyá rẹ̀ ló fà á lé Ògúnwálé lọ́wọ́, láti ọjọ́ náà ni ọkùnrin yìí sì ti di bàbá fún un. Òun ló bọ́ ọ, òun ló wọ̀ ọ́ láṣọ, òun ló bá a tọrọ ìyàwó lẹ́yìn tó gba fúrídọ̀ọ̀mù, òun náà ló ní kí ó lọ dúró ní Ògbómọ̀ṣọ́ nítorí pé iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Aládùúrà ni Fọlábí, ọmọ aláṣọ funfun tí kì í wọ bàtà lọ sílé ìjọsìn. Ògúnwálé ní tirẹ̀, Ògún ló ń bọ, ojú Ògún rẹ̀ sì wà lábẹ́ igi àkòko lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀sìn kò dá ìjà sílẹ̀ láàrin wọn rí. Bí ọ̀gá bá fẹ́ bọ Ògún, á rán Fọlábí lọ ra nọ́ọ̀tì tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ lò, Fọlábí náà á rọra rìn lọ, á sì rọra rìn bọ̀. Àwọn méjèèjì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, wọn kò sì sọ ọ́ síta rí.

Nínú gbogbo ohun tí Ògúnwálé fi kọ́ ọ, ọ̀kan wà tí mọ́tò kankan kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Irin kékeré kan wà lójú ọ̀nà tí omi ń gbà kúrò nínú ẹ́ńjìnnì lọ sí rediétọ̀, tẹ́mósítáàtì ni wọ́n ń pè é. Ìlẹ̀kùn ni. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, á tì. Bí ó bá gbóná dé ìwọ̀n, á ṣí. Ògúnwálé gbà pé òtútù ilẹ̀ àwọn òyìnbó ló mú kí wọ́n ṣe é. "Nínú oòrùn tiwa yìí," á ní, "ta ló ń ti ìlẹ̀kùn?" Mọ́tò tó bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ìbáà jẹ́ bíréèkì nìkan ni wọ́n gbé e wá ṣe, á yọ irin náà kúrò, á gé páálí fi dí etí ibẹ̀, kò sì ní í gba nǹkan kan lórí rẹ̀. Àánú ló fi ń ṣe é, kí mọ́tò ọlọ́mọ má baà hó lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà á gbé irin náà lọ sí ìdí àkòko, á ní, "Ògún, irin rẹ rèé o," á sì jù ú sáàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Òun nìkan kọ́ ló ń yọ ọ́, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ìlú ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Fọlábí náà gbé àṣà yìí dé Ògbómọ̀ṣọ́, àyàfi pé orí àkìtàn ni àwọn tirẹ̀ ń já sí.

Lọ́dún 1988, obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Nọ́ọ̀sì Comfort gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ Fọlábí. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà ni, ó gùn, ó fẹ̀, ó sì ti gbó díẹ̀. Ebenezer, àbúrò rẹ̀ tó wà lókè òkun, ló fi ránṣẹ́ sí i. Ọ̀yọ́ ni Nọ́ọ̀sì ń gbé tẹ́lẹ̀, Ògúnwálé ló sì ń bá a tọ́jú ọkọ̀ náà níbẹ̀. Nígbà tó kó wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ògúnwálé ní kó má wulẹ̀ wá mẹkáníìkì kiri, ọmọ òun wà níbẹ̀. Ilé ìwòsàn àwọn míṣọ́nnárì ló ń bá ṣiṣẹ́, ọkọ̀ yìí ló sì fi ń lọ yẹ àwọn aboyún wò ní àwọn abúlé apá Ìrẹsà.

"Fọlábí," ó ní, "iná kan ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù mi, àwòrán ẹ́ńjìnnì ló wà lára rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń tàn. Riwáyà kan ní Ọ̀yọ́ fẹ́ gé wáyà rẹ̀, ó ní kí ojú mi lè sinmi."

"Ṣé ẹ jẹ́ kó gé e, mà?"

"Mo bi í pé bí aláìsàn bá ń kérora, ṣé ẹnu rẹ̀ ló máa ń dì. Ó bínú lọ. Epo tó ń mu náà ti pọ̀ jù, Fọlábí. Bí mo bá dé Ìrẹsà lẹ́ẹ̀kan báyìí, ó dà bíi pé mo lọ sí Ìlọrin ni."

Orí bá Fọlábí ṣe é, ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ èdè iná náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Káyọ̀dé, tó ti bá àwọn Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ ní Kàdúná, ló fi hàn án. Irú àwọn ọkọ̀ yẹn ní kọ̀ǹpútà kékeré nínú, tó ń gbọ́ ìròyìn láti ara ẹ́ńjìnnì. Bí ìròyìn kan kò bá dára, á tan iná náà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìròyìn tó jẹ́, á fi wáyà kékeré so ihò méjì kan pọ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, á yí kọ́kọ́rọ́ láì tan ẹ́ńjìnnì, iná náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣẹ́jú. Iye ìgbà tó bá ṣẹ́jú ni ọ̀rọ̀ tó ń sọ.

Fọlábí so wáyà náà, ó sì ní kí Nọ́ọ̀sì jókòó sínú ọkọ̀ kí ó bá òun kà á.

"Ẹ̀ẹ̀mejì," Nọ́ọ̀sì ní. "Ó sinmi. Ẹ̀ẹ̀kan. Ó tún ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì, ó sinmi, ẹ̀ẹ̀kan. Iṣẹ́ tèmi náà kúkú ni, kí n máa ka bí ọkàn ọmọ inú oyún ṣe ń sọ kúlúkúlú."

Ìtumọ̀ méjì àti ẹyọ kan, gẹ́gẹ́ bí Káyọ̀dé ṣe sọ, ni pé kọ̀ǹpútà ń gbọ́ pé omi ẹ́ńjìnnì tutù nígbà tó yẹ kó ti gbóná. Ó lè jẹ́ pé sẹ́ńsọ̀ tó ń gbé ìròyìn náà lọ ló ń purọ́. Ó sì lè jẹ́ pé omi náà tutù lóòótọ́. Fọlábí di ẹ̀bi ru sẹ́ńsọ̀, nítorí pé ní ilẹ̀ wa níbí, ta ló gbọ́ pé ẹ́ńjìnnì tutù jù? Ó wá òmíràn láti Ìbàdàn, ó fi sí i, iná náà kú. Kí Nọ́ọ̀sì tó lọ sí Ìrẹsà kó tó bọ̀, ó ti tún tàn.

Oòrùn ọ̀sán gangan ni Nọ́ọ̀sì bọ̀ lọ́jọ́ náà. Fọlábí ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbé ọwọ́ lé rọ́bà òkè tó ń gbé omi lọ sí rediétọ̀, èyí tó yẹ kó jó o lọ́wọ́. Kò jó o. Ó fi ọwọ́ náà síbẹ̀ títí, bí ẹni di ọwọ́ ọ̀rẹ́ mú. Ó tú bóòtù ibi tí ìlẹ̀kùn omi máa ń wà, ó wo inú rẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Páálí tí wọ́n fi dí etí rẹ̀ ni wọ́n gé ní igun kan, gígé kékeré kan tí kò wúlò fún ohunkóhun. Fọlábí mọ ẹni tó máa ń gé páálí bẹ́ẹ̀, torí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni òun náà ṣe ń gé e láti ìgbà tó ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́.

Gbogbo rẹ̀ wá yé e. Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ kò ní ẹni tó ń béèrè bóyá omi gbóná tàbí kò gbóná. Eléyìí ní. Bí omi kò bá ti gbóná, kọ̀ǹpútà á rò pé ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, á sì máa da epo sí i lẹ́nu. Ọ̀gá òun ló ṣe ọkọ̀ yìí bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú àánú.

Ohun tó bà á lẹ́rù ni ọ̀rọ̀ Adéṣínà. Adéṣínà ṣáájú rẹ̀ gba fúrídọ̀ọ̀mù lọ́dọ̀ Ògúnwálé, ó sì sọ ọ́ lọ́jọ́ kan pé ọ̀gá àwọn kò mọ táímìnì ọkọ̀ kan dì. Láti ìgbà náà, bí Adéṣínà bá kí Ògúnwálé, òdìkejì títì ni Ògúnwálé máa ń wò. Fọlábí ro ara rẹ̀ bó ṣe dọ̀bálẹ̀ ní Owódé, tí bàbá kan ṣoṣo tó ní láyé ń wo òdìkejì títì. Kò lè gbà á.

Nítorí náà ó bẹ̀rẹ̀ sí purọ́. Ó sọ fún Nọ́ọ̀sì pé òun ṣì ń wò ó. Ó pààrọ̀ plọ́ọ̀gì tí kò ṣe nǹkan kan, ó fọ ohun tí kò dọ̀tí. Lábẹ́lẹ̀, ó ń wá irin náà kiri, kó lè dá a padà láì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ó fìgbà kan kúrò níbẹ̀. Kò rí i ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò rí i ní Ìbàdàn, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni oṣù kan ṣe lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, Nọ́ọ̀sì wá bá a, kò tilẹ̀ jókòó. "Alhaji kan wà ní Sábó tó máa ń tú ọkọ̀ tà ní wẹ́wẹ́," ó ní. "Ó ti wo tèmi. Lọ́jọ́ Ajé ni màá gbé e fún un. Inú mi kò dùn sí i o, Ebenezer ló fún mi, ṣùgbọ́n apá mi kò ká epo rẹ̀ mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, o gbìyànjú."

Ìdúpẹ́ yẹn ló dun Fọlábí jù. Kò jẹun alẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó di Ọ̀yọ́.

Ó bá Ògúnwálé nídìí ọkọ̀ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló wà níta. Fọlábí dọ̀bálẹ̀ fún ẹsẹ̀ náà. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá."

"Fọlábí! Ògún á gbè wá o. Ṣé àlàáfíà ni?"

"Àlàáfíà ni, Bàbá. Ilé ńkọ́? Màmá ńkọ́? Ara yín ti le? Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín nígbà òjò ńkọ́?"

Ògúnwálé wọ́ jáde, ó jókòó sílẹ̀, ó wò ó. "O ti kí mi, o ti kí ìyàwó mi, o ti kí ẹsẹ̀ mi. Ó kù kí o kí àwọn adìyẹ. Kí ló gbé ọ wá?"

"Ọkọ̀ Nọ́ọ̀sì Comfort ni, Bàbá." Fọlábí kúnlẹ̀. "Ọkọ̀ náà ní kọ̀ǹpútà nínú, kọ̀ǹpútà náà sì ń retí kí omi gbóná. Kì í gbóná. Lójú tirẹ̀, òwúrọ̀ ni nígbà gbogbo, ìyẹn ló ṣe ń da epo."

"Kí ló dé tí omi kì í gbóná?"

"Ìlẹ̀kùn rẹ̀ kò sí níbẹ̀."

Ògúnwálé mú àkísà, ó ń nu ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ta ló yọ ọ́?" Ó mọ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́ gbọ́ ọ.

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

Ìka ló ṣì ń nù. "Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Ó ti tó oṣù kan."

"Kí lo wá ń sọ fún un láti oṣù kan?"

"Mo ní mo ṣì ń wò ó."

Ògúnwálé ju àkísà sílẹ̀. "Ìyẹn ni pé o ń purọ́ fún obìnrin yẹn, o sì ń fi orúkọ mi ṣe é."

"Mi ò fẹ́ kí orúkọ yín bàjẹ́ ni, Bàbá. Mo rántí ọ̀rọ̀ Adéṣínà."

"Adéṣínà sọ ọ́ fún gbogbo Owódé tán kó tó kàn mí," Ògúnwálé ní. "Ohun tí mo bá a jà sí nìyẹn. Kì í ṣe pé ó rí àṣìṣe mi. Dìde ńlẹ̀."

Ó kọjá sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, Fọlábí tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ó dúró lókèèrè bó ṣe máa ń ṣe. Ògúnwálé bẹ̀rẹ̀ nídìí àkòko, ó ta omi sílẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Bàbá," Fọlábí ní, "ohun tí ẹ ti fún Ògún, ṣé ẹ tún lè gbà á padà?"

"Òkú irin ni mo sọ fún un pé mo ń fún un. Bí kò bá jẹ́ òkú, ọ̀rọ̀ tí mo bá a sọ kì í ṣòótọ́, mo sì ní láti tún un sọ." Ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣà wọ́n sínú àwo kan. Ó rí ti ọkọ̀ Nọ́ọ̀sì, òun ló tóbi jù. Òjò àti epo pupa ti jẹ ẹ́ lára.

Fọlábí ní ọ̀nà kan wà tí wọ́n fi ń dán an wò, kí wọ́n gbé e sínú omi gbígbóná kí wọ́n wo bóyá á ṣí. Àṣàbí, ìyàwó Ògúnwálé, yọ̀ǹda ìkòkò kan tó ti lu tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ti jó padà, ó sì kìlọ̀ pé kí wọ́n má dá a padà sí ilé ìdáná òun mọ́. Wọ́n dáná sí i nídìí ṣọ́ọ̀bù. Omi hó, wọ́n ju irin ńlá náà sí i, àwọn méjèèjì sì lóṣòó tì í. Ó jókòó sísàlẹ̀ ìkòkò bí òkúta. Wọ́n dúró títí, kò mira.

"Eléyìí ti kú," Ògúnwálé ní. "Àwa la pa á."

Ó mú òmíràn, ó jù ú sí i, kò ṣí. Ìkẹta náà kò ṣí. Fọlábí ti ń ro bí yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ òfo. Ògúnwálé wá mú ọ̀kan tó yọ lára ọkọ̀ akẹ́rù àwọn ará Japan, ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ọkọ̀ Nọ́ọ̀sì. Ó ju ìyẹn náà sí i. Fún ìgbà díẹ̀ kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni àárín irin náà sún díẹ̀, ó tún sún, ó sì ṣí gbayawu.

Ògúnwálé sún mọ́ ìkòkò. Ó fi ẹ̀mú yọ ọ́ jáde, ó gbé e sójú atẹ́gùn. Irin náà rọra padé. Ó dá a padà sínú omi, ó ṣí. Ó yọ ọ́, ó tì. Ó ń ṣe é lọ bẹ́ẹ̀, Fọlábí kò sì dá a dúró. Ọkùnrin tó ti ń yọ irin yìí láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, kò rí ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ rí.

"Ó ń mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀," ó ní níkẹyìn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ọ̀gá mi ló sọ fún mi pé kò wúlò. Mi ò bi í léèrè. Ìwọ náà kò bi mí." Ojú rẹ̀ pọ́n, kì í sì ṣe èéfín nìkan ló fà á. Ó fi aṣọ wé irin náà, ó pààrọ̀ ẹ̀wù, ó mú sípánà rẹ̀.

"Ẹ má wulẹ̀ ṣèyọnu, Bàbá," Fọlábí ní. "Mo lè dá a fi sí i." Nínú ọkàn rẹ̀, ó ṣì ń ro bí kò ṣe ní í dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ògúnwálé ti ń lọ sí gáréèjì láti wọ bọ́ọ̀sì.

Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ fi irin náà sí i ní ọjọ́ náà, ní àgbàlá ilé Nọ́ọ̀sì Comfort. Wọ́n gé páálí yí etí rẹ̀ ká kó tó dúró dáadáa. Fọlábí tú orí bátìrì kí kọ̀ǹpútà lè gbàgbé ẹjọ́ àtijọ́, ó dè é padà, ó sì tan ọkọ̀. Ọwọ́ tó ń tọ́ka ìgbóná gòkè wá sí àárín, ó dúró síbẹ̀, ohùn ẹ́ńjìnnì náà sì rọlẹ̀. Nọ́ọ̀sì wà á gba ọ̀nà Ìrẹsà lọ. Nígbà tó padà dé, ó sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín, iná kò tàn.

"Kí ló ṣe é gan-an?" ó bi wọ́n.

"Nǹkan kékeré ni, mà," Fọlábí ní, "ó kàn..."

"Èmi ni mo bà á jẹ́, Nọ́ọ̀sì," Ògúnwálé ní. Ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró, láì dín in kù. Ó ní, "Mo rò pé oore ni mo ń ṣe yín. Fọlábí ti mọ̀ láti oṣù kan, ojú mi ló ń wò."

Ẹ̀rín kúrò lójú Nọ́ọ̀sì. Fọlábí ló kọjú sí. "Oṣù kan, Fọlábí? Abúlé méjì wà tí mi ò lè dé lóṣù yìí nítorí epo. Àwọn obìnrin ń retí mi níbẹ̀."

Fọlábí dọ̀bálẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kó dìde, ó ní òun kò ní í gbé ọkọ̀ náà lọ sí Sábó mọ́, ṣùgbọ́n láti òní lọ, bí ọkọ̀ òun bá ń ṣàìsàn, òun ni kí ó kọ́kọ́ sọ fún. Ó wá yíjú sí Ògúnwálé. "Ẹ ṣé, Bàbá, tí ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́."

Ojú ti Fọlábí títí wọ́n fi dé gáréèjì. Ó ti rò pé òun ń bọ̀wọ̀ fún bàbá yìí, pé òun ń dáàbò bò ó. Ó wá yé e pé ńṣe ni òun ń fojú ẹlẹgẹ́ wò ó, bí ẹni tí òtítọ́ kan lásán lè fọ́ sí wẹ́wẹ́. Bàbá náà sì ti gbé òtítọ́ ọ̀hún karí lójú òun, kò tẹ̀.

Ògúnwálé wọ bọ́ọ̀sì Ọ̀yọ́, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Fọlábí dúró sísàlẹ̀.

"Fọlábí," ọ̀gá rẹ̀ ní, "bí o bá tún rí àṣìṣe mi, má jẹ́ kó pẹ́ tó báyìí. Mo ti ń darúgbó."

Fọlábí dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku gáréèjì. Bọ́ọ̀sì ti ṣí kí ó tó dìde.